Kíìtì abúlé inú ìgò tí mo rà: ìgò rẹ̀ dáa, ẹ̀mú rẹ̀ dáa, abúlé rẹ̀ ni ò jọ tiwa

Láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, kò fẹ́ẹ̀ sí ẹni tó wọ pálọ̀ wa l'Ókè-Àdó tí ò béèrè ìgò ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn yẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe bí ìgò súìtì ni, àwọn ọmọdé á ti na ọwọ́ sí i, ìgbà tí wọ́n bá wá sún mọ́ ọn lẹnu á yà wọ́n. "Àbí Bẹẹrẹ nìyí?" Bẹẹrẹ ni o, àdúgbò kan nínú ìlú Ìbàdàn wa níbí. Bẹẹrẹ nínú ìgò, páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, ilẹ̀ rẹ̀ pọ́n, aṣọ tí wọ́n sá ń bẹ lórí okùn, gbọ̀ngàn Mápó wá jókòó sórí òkè lẹ́yìn gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, Bẹẹrẹ kọ́ ni mo rà. Kíìtì abúlé òyìnbó ni mo fowó mi rà, ìyẹn páálí tí wọ́n kó ilé kéékèèké tí èèyàn máa fọwọ́ ara ẹ̀ tò sínú ìgò sí, tòun ti yìnyín tòun ti ṣọ́ọ̀ṣì, ₦18,500 gbáko, owó wébíìlì ò sí nínú ẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ eléyìí, kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú kíìtì yìí mọ èyí tó lè lò nínú ẹ̀ àti èyí tó máa dà nù, torí èmi ti da èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ nù.

Ìyá mi ló fà á. Wọ́n pé ọdún 70 lọ́dún yìí, ẹ sì mọ bí ìyá ọlọ́dún 70 ṣe máa ń rí, aṣọ ti kún àpótí, bàtà tuntun ò wọ̀ wọ́n mọ́ torí orúnkún, owó tẹ́ ẹ bá sì fún wọn, ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ ló máa bọ́ sí kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Àbúrò mi obìnrin ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹnì kan ń fi ẹ̀mú gígùn to ilé kéékèèké sínú ìgò, nígbà tó tan iná inú wọn, mo ní ẹ̀bùn Màámi rèé. Mo wá ẹni tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó ní Èkó lòun wà, ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni, ọjọ́ kọkànlá ni mo tó lọ gbà á n'Ìwó Road lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó tì í sábẹ́ àpò ẹ̀wà. Bí mo ṣe gbé páálí yẹn mì báyìí, ṣàkàṣàkà, mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Kọ́ọ̀kì tó yẹ kó dé ìgò lórí ti là sí méjì. Òrùlé ilé méjì ò sí nínú ẹ̀ rárá. Bátìrì iná ti kú kí n tó pàdé ẹ̀. Mo ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ta ọjà, ó kà á, mo rí i pé ó kà á, ọjọ́ kejì ló tó fèsì: "Ẹ má bínú mà, bó ṣe wá láti Ṣáínà nìyẹn." Ó tán. Ìràwọ̀ kan ni mo fún un, ìkan náà ọ̀hún torí pé ó pè mí ní mà ni.

Ìgò fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ìgò yẹn dáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Gíláàsì tó mọ́ gaara ni, kì í ṣe irú èyí tó ní ìgbì lára tó máa ń jẹ́ kí nǹkan inú ẹ̀ wọ́. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 22, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹnu yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìgò fún iṣẹ́ yìí o, ẹ má wo gíga, torí gbogbo nǹkan tó máa wọbẹ̀, ẹnu yẹn ló máa gbà wọlé, ilé tó bá sì fẹ̀ ju ẹnu lọ, ẹ ní láti gé e sí méjì kẹ́ ẹ tó wá lẹ̀ ẹ́ pọ̀ nínú lọ́hùn-ún, ìyẹn sì lè mú èèyàn jẹ́jẹ́ ṣépè. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi ìgò ẹlẹ́pà bẹ̀rẹ̀, ọ̀tá yín ni.

Ẹ̀mú wá ni ọ̀gá wọn. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 27, orí ẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí imú ẹyẹ, ó dì mú nǹkan tí ò ju ìrẹsì lọ láì yọ̀ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ta ẹ̀mú yìí nìkan fún mi ní ₦5,000 màá san án láì nájà. Àní gbogbo ilé wa ló ti ń lò ó báyìí, òun la fi ń yọ nǹkan tó bá bọ́ sẹ́yìn fíríìjì.

Abúlé wá kù. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ ti gé sílẹ̀ ni wọ́n kó sínú ẹ̀, ilé mẹ́sàn-án, ṣọ́ọ̀ṣì kan, igi aláwọ̀ ewé tí orí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó, àwọn èèyàn kéékèèké tó wọ kóòtù, àpò yìnyín kan. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni bá a ṣe ń tò ó, èdè Ṣáínà ni látòkè délẹ̀, àwòrán nìkan la lè wò. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó gé pákó yìí ò wọn nǹkan kan. Àwọn èèyàn inú ẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà kan. Àwọn tó máa ń ṣe ọkọ̀ rélùwéè kékeré lókè òkun ní orúkọ fún ìwọ̀n yẹn, N ni wọ́n ń pè é, 1 sí 160, ìyẹn ni pé nǹkan tó bá jẹ́ mítà 1.6 lójú ayé á di sẹ̀ǹtímítà kan nínú ìgò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo wá fi rúlà wọn ilẹ̀kùn ilé àkọ́kọ́, sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀! Ẹ fi 160 sọ ọ́ di púpọ̀, mítà mẹ́rin. Ilẹ̀kùn tó ga tó mítà mẹ́rin, ta ló ń gbé ibẹ̀, Gòláyátì? Ẹni tó bá ra nǹkan yìí tí ò wọn ilẹ̀kùn, ojú ẹ̀ á kàn máa sọ fún un pé nǹkan kan ò bára mu, kò ní mọ nǹkan tó jẹ́.

Síbẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, owó ti jáde ná. Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni ìyá mi yọ sí mi láìrò tẹ́lẹ̀, wọ́n gbọ̀nà Àkóbọ̀ wá láì pè, ilé òyìnbó mẹ́rin wà lórí tábìlì, mo ti da yìnyín sí ìsàlẹ̀ wọn.

"Kí lèyí?"

"Abúlé ni, Màámi."

Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n tẹ̀ ba. "Abúlé wo? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn dà? Níbo ni wọ́n máa ń jókòó gba atẹ́gùn?"

"Ti òyìnbó ni, mà. Òtútù ló ń mú níbẹ̀."

"Ẹni tí òtútù ń mú kì í gbàlejò ni?" Wọ́n fọwọ́ kan yìnyín. "Funfun ilẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Yìnyín ni, mà."

"Áà. Mo ṣe bí láfún lo dà nù."

Wọ́n wá jókòó, wọ́n ń sọ bí agboolé tiwọn ṣe rí nítòsí Ọjà'ba nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, pé tó o bá dúró lórí òkè Mápó kó o wo ìsàlẹ̀, páànù nìkan lo máa rí, ọ̀kan gun èkejì lórí, o ò ní mọ ibi tí ilé ẹnì kan parí sí tí ti ẹlòmíì ti bẹ̀rẹ̀, òjò á máa lu gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń gbọ́, mo ń wo ṣọ́ọ̀ṣì pákó ọwọ́ mi. Bí wọ́n ṣe lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kó yìnyín padà sínú àpò.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gun Láyípo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe ará Ìbàdàn, Láyípo ni ilé ìṣọ́ gíga tó wà lórí Òkè Àrẹ, Bower's Tower lorúkọ tí ìjọba kọ sí i lára, ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ, àtẹ̀gùn inú ẹ̀ ló ń yí po yí po bí ìkarahun ìgbín ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ya fọ́tò tó tó ogójì látorí ẹ̀, orí mi ń yí. Ohun tí mo fẹ́ rí ni mo rí, páànù ò pupa bákan náà. Èyí tó pẹ́ jù dúdú bí kọfí, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ rí bí iṣu sísun tó jóná díẹ̀, àwọn tuntun wá ń yọjú láàrin wọn, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí ò ní í dógùn-ún láéláé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe Bẹẹrẹ, ẹ tètè ya fọ́tò yín.

Páànù yìí ló gba gbogbo làákàyè mi. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n bó páálí, kí n lo ìgbì inú ẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀, kò dáa, ìgbì páálí ti tóbi jù. Páànù gidi, nǹkan bí ínṣì mẹ́ta ló wà láàrin ìgbì kan sí èkejì, tẹ́ ẹ bá fi 160 pín in, kò tó ìdajì mílímítà. Kí ló wà láyé tí eyín ẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀? Bóòtù! Bóòtù tín-ín-rín tó nípọn ní mílímítà mẹ́ta, ìdajì mílímítà ló máa ń wà láàrin eyín ẹ̀ kan sí èkejì. Mo gba Gate lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta sípíà pátì.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá bóòtù tó tín-ín-rín jù lọ tẹ́ ẹ ní."

"Fún mọ́tò wo, àǹtí?"

"Kì í ṣe mọ́tò. Mo fẹ́ fi ṣe páànù ilé ni."

Ó wò mí, ó wo ẹnìkejì ẹ̀. "Àǹtí, bóòtù yìí ò lè gbé páànù o, atẹ́gùn ẹ̀ẹ̀kan ló máa ká a lọ." Mo wá ṣàlàyé, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí, ó wá mẹ́ta jáde nínú agolo kan, ó gba ₦200, ó ní tí ilé náà bá parí kí n wá pe òun síbi ìṣílé. Ìràwọ̀ márùn-ún fún bọ̀dá yẹn. Òun nìkan nínú gbogbo ìrìnàjò yìí ló tà mí ní nǹkan tó pé.

Bá a ṣe ń lò ó rèé. Ẹ wá àwo fọ́ìlì tí wọ́n fi ń di ìrẹsì òde ìnáwó, ẹ gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé tó rọ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi àtàńpàkò méjèèjì tẹ bóòtù mọ́ ọn kẹ́ ẹ yí i lọ síwájú bí ẹni ń yí ìyẹ̀fun ṣinṣín. Ẹ̀ẹ̀kan péré o. Tẹ́ ẹ bá dá a padà, ìlà kejì á gorí àkọ́kọ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gbé fọ́ìlì yẹn sókè, páànù lẹ máa rí, páànù gan-an, kéékèèké, ìlà ẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Mo pariwo débi pé ọmọ mi sáré jáde láti yàrá. Mo wá gé e sí wẹ́wẹ́, gbogbo wọn ò gùn bákan náà, torí kò sí páànù Bẹẹrẹ tó gùn bákan náà, mo jẹ́ kí àwọn kan lé díẹ̀ ju ẹlòmíì lọ, mo fi abẹ́rẹ́ lu àwọn mìíì bí ojú ìṣó.

Ìpẹtà ara ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dà ni kíìtì máa ní kẹ́ ẹ lò. Wọ́n ń tún òrùlé agboolé ìyá mi ṣe nígbà yẹn, àwọn páànù àtijọ́ wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n fara ti ògiri, wọ́n ń dúró de àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo mú bébà tí káfíńtà fi ń dán pákó, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, mo ha ìpẹtà ara wọn sórí ẹ̀, ìwọ̀n ṣíbí méjì. Bàbá kan tí wọ́n ń jẹ àgbàdo lójú fèrèsé ń wò mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò sọ̀rọ̀, ìgbà tí mo dìde ni wọ́n tó ní, "Ṣé agunmu ni?" Mo ní rárá o, bàbá, ilé ni mo fẹ́ fi kọ́. Wọ́n mi orí. Mo fi asẹ́ jọ ọ́, mo fi gọ́ọ̀mù funfun tó ti fomi là díẹ̀ kun fọ́ìlì, mo wá da ìpẹtà lé e bí ẹni da ata lé sùyà, mo gbọn èyí tó pọ̀ jù dànù. Kò sí ọ̀dà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láyé. Mo da kọfí gbígbẹ díẹ̀ mọ́ ti àwọn tó dúdú.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù wá kàn, ibi tí mo ti jẹ̀bi nìyí, kì í ṣe kíìtì. Gọ́ọ̀mù funfun tó wà nínú ẹ̀ dáa, irú ẹ̀ náà ni Top Bond táwọn káfíńtà ń lò, tó bá gbẹ kì í hàn, kì í rùn, àmọ́ ó ń pẹ́, ó fẹ́ odidi ọjọ́ kan. Èmi ò ní sùúrù. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi sùpá gúlù lẹ ilé mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, mo fi ọ̀rá dé ẹnu ìgò kí eruku má bàa wọ̀ ọ́, mo lọ sùn. Ìgbà tí mo jí, kùrukùru ti bo inú gíláàsì! Mo rò pé ooru ni, mo fi aṣọ nù ún, kò lọ. Èéfín sùpá gúlù ni. Ọ̀rinrin ló máa ń mú kó gbẹ, èéfín ẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, tó bá ti gòkè tó kan ọ̀rinrin tó wà lára gíláàsì, ó gan síbẹ̀ nìyẹn, á di funfun. Ibi tí ọwọ́ mi ti kan gíláàsì ni mo ti wá rí ìtẹ̀ka mi, ìtẹ̀ka ọwọ́ mi gbọnrangandan lára gíláàsì nínú lọ́hùn-ún, gbogbo ìlà ẹ̀ pé. Irú èéfín yìí gan-an ni àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí fi ń wá ìtẹ̀ka ọ̀daràn lára nǹkan. Mo di ọ̀daràn nínú ìgò ara mi. Mo kó gbogbo ẹ̀ jáde, mo fi omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì nù ún, àsítóònì inú ẹ̀ ló mú un kúrò, ó gbà mí ní ọ̀sán kan gbáko. Tẹ́ ẹ bá ní láti lo sùpá gúlù, ìta ìgò ni kẹ́ ẹ ti lò ó, kó gbẹ pátápátá kó tó wọlé.

Òkè Mápó náà kọ́kọ́ yọ́. Fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣàn ni mo gbẹ́ ṣe é, mo wá fi gọ́ọ̀mù àwọn tó ń ṣe bàtà lẹ̀ ẹ́, ó jẹ fóòmù yẹn tán bí ikán. Gọ́ọ̀mù funfun ni kẹ́ ẹ lò fún fóòmù o, ẹ má gbàgbé.

Yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ni mo tètè mọ̀ torí mo máa ń gbin òdòdó. Yẹ̀ẹ̀pẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé wa ni, mo fi asẹ́ ògì jọ ọ́ títí ó fi rí bí ẹ̀lùbọ́, mo wá gbé e síná nínú agbada gbígbẹ, mo yan án bí ẹni ń yan gàrí, torí tí omi bá kù nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ wá dé ìgò, tí oòrùn bá ti pa á, omi yẹn á gòkè, tó bá di alẹ́ á rọ̀ mọ́ gíláàsì, tí kò bá tún rí ọ̀nà jáde, ọ̀sẹ̀ méjì ni, èbu ti wà lórí ilé. Yíyan yẹn tún ń pa ẹyin kòkòrò. Ẹ wá àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà, tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé ẹ má jẹ ẹ́, ẹ fi méjì sábẹ́ òkè kí ẹ tó bò ó, ó máa ń fa ọ̀rinrin. Èmi ò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, dídànù ni mo máa ń dà wọ́n.

Mápó fúnra ẹ̀, ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i, ilé ńlá ni, tí n bá ṣe é ní ìwọ̀n 1 sí 160 á gba gbogbo ìgò. Cocoa House ò tiẹ̀ ṣeé dà lábàá, mítà 105 ni gíga ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 65 nìyẹn nínú ìwọ̀n wa, ìgò mẹ́ta tó gun ara wọn lórí! Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo dín ìwọ̀n kù bí mo ṣe ń lọ sẹ́yìn. Ilé iwájú tóbi, ti àárín kéré díẹ̀, Mápó tó wà lókè pátápátá ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta bó ṣe yẹ kó tóbi, ojú wá gbà á pé ó jìnnà ni. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi abẹ gbẹ́ ṣe àwọn òpó iwájú ẹ̀, mẹ́rìnlá ni mo gbẹ́ kí n tó rí èyí tí ò ṣẹ́. Igi náà, mo da ti kíìtì nù, kànìnkànìn tí wọ́n ń tà lọ́jà pẹ̀lú ọṣẹ dúdú ni mo já wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́ sínú ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó wá rí bí igi máńgòrò gidi.

Àwọn èèyàn inú kíìtì ò ṣeé dà nù, wọ́n ti pọ̀ jù, mo wá tún wọn kùn. Kóòtù di dàńṣíkí, fìlà òyìnbó mo fi abẹ gé e di gọ̀bì, ìyàwó kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, mo gbé apẹ̀rẹ̀ náà gun orí fún un. Orí abẹ́rẹ́ ni mo fi kun gèlè. Ìkan nínú wọn tó ń ta bọ́ọ̀lù yìnyín, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo kàn kun bọ́ọ̀lù ẹ̀ ní pupa, ó di ọmọ tó ń fi àgbálùmọ̀ ju ẹnìkejì ẹ̀. Mo gbẹ́ Micra kan láti ara réésà tí àwọn ọmọ fi ń pa ìwé rẹ́, sẹ̀ǹtímítà méjì lé díẹ̀, mo gbé e sí àárín ọ̀nà níbi tó ti dí àwọn yòókù lọ́nà, ará Ìbàdàn tó bá rí i kì í béèrè ìdí.

Iná dáa, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, wáyà ẹ̀ tín-ín-rín bí irun, àwọn gílóòbù kéékèèké LED ni, wọn kì í gbóná, ẹ lè fi wọ́n sínú ilé pákó láìbẹ̀rù. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 kan ló ń lò, mo ra méjì ní Dùgbẹ̀. Ẹ wá fèrèsé tó ń tàn láàrin páànù tó ti dógùn-ún yẹn lálẹ́, ẹ ò ní fẹ́ sùn. Ọmọ mi ní agboolé yìí nìkan ni NEPA kì í mú iná ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, bátìrì tán.

Kọ́ọ̀kì tó là ńkọ́, káfíńtà àdúgbò wa ló gé pákó róbótó rọ́pò ẹ̀, ₦500.

Tẹ́ ẹ bá wá bi mí pé ṣé kẹ́ ẹ ra kíìtì yìí? Tó bá jẹ́ pé abúlé inú àwòrán yẹn gan-an lẹ fẹ́, yìnyín àti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ rà á, àmọ́ ẹ gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ kéré sí i, kẹ́ ẹ sì ní kí ẹni tó ń tà á ṣí páálí fún yín lórí fídíò kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ bíi tèmi, ẹ má rà á. Ẹ wá ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò lọ́dọ̀ àwọn onígò, ẹ wá ẹ̀mú gígùn, wáyà iná, gọ́ọ̀mù funfun, bóòtù mẹ́ta láti Gate, gbogbo ẹ̀ ò lè tó ìdajì owó tí mo san. Ohun tí mo ń rà ní ₦18,500, ẹ̀mú ni. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún.

Mo gbé e fún ìyá mi lọ́jọ́ ọjọ́ìbí wọn. Wọ́n gbé e sórí itan, wọ́n yí i po, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, àbúrò mi ti ń gbé fóònù sókè pé wọ́n fẹ́ sunkún. Wọ́n ò sunkún o. Wọ́n fi ìka kan páànù tó dúdú jù láti ìta gíláàsì, wọ́n ní, "Ìpẹtà ilé bàbá mi lo lọ kó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n tún yí i. Wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, ó dáa. Wọ́n ní kànga wà níbi tó yẹ kó wà. Wọ́n wá sún un mọ́ ojú.

"Agboolé tí ò ládìẹ? Ta ló kó wọn?"

Wọ́n dá a padà fún mi kí n lọ tún un ṣe, ìdí tó ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn mi nìyẹn dípò kó wà l'Ákóbọ̀. Adìẹ ní ìwọ̀n 1 sí 160 ò tó mílímítà mẹ́ta, ìdajì ìrẹsì kan ni. Mo ti ṣa mẹ́wàá sọ́tọ̀ torí pé màá ṣẹ́ méje.